Bí Mo Ṣe Dín Kóòtù Ọmọ Mi Kù ní Ìlú Òyìnbó

Ẹ̀yin tí ẹ ń dá mi dúró ní ìta láti ìgbà tí mo ti dé, tí ẹ ń bi mí pé, "Ìyá Káyọ̀dé, báwo ni ìlú òyìnbó?", tí mo kàn ń dá yín lóhùn pé òtútù pọ̀, ẹ má bínú sí mi. Òtútù pọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n òtútù kọ́ ni mo gbé bọ̀. Ojú ló ń tì mí. Ohun tó bá ń ti àgbà lójú, ó máa ń há sí i lọ́fun tó bá fẹ́ sọ ọ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi ra ìwé lọ́wọ́ Ìyá Chinedu ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀bù mi, tí mo jókòó. Pírámárì mẹ́fà péré ni mo kà nílùú Ìwó. Bí ẹ bá rí ibi tí bírò mi ti ṣìnà, ẹ forí jì mí.

Ọ̀rọ̀ tí mo mú lọ

Nínú gbogbo èdè òyìnbó tí mo gbọ́ láyé mi, ọ̀kan ló bá mi dàgbà: ridúùsì. Tíṣà Ọlátúnjí ló kọ́kọ́ kọ ọ́ sójú pátákó fún wa. Ìṣirò ni. Ó kọ mẹ́rin lórí mẹ́jọ, ó ní ká ridúùsì ẹ̀. "Ẹ pín in lókè, ẹ pín in nísàlẹ̀, títí kò fi ní ṣeé dín kù mọ́." Nígbà tó di ìdajì, Rálíátù tó jókòó tì mí nawọ́ sókè, ó ní, "Sà, ibo ni èyí tó kù wà?" Gbogbo kíláàsì rẹ́rìn-ín. Tíṣà náà rẹ́rìn-ín, ó ní, "Kò sí ohun tó lọ, Rálíátù. Ó kéré lójú ni, iye rẹ̀ ò yí padà." Mo gbà á gbọ́.

Ní Òṣòdì, níbi tí mo ti kọ́ṣẹ́ aránṣọ lọ́dọ̀ Ìyá Rẹ̀mí, mo tún bá ọ̀rọ̀ náà pàdé. Kì í ṣe ti ìṣirò mọ́. Tí ọjà bá wọ́n, "Ẹ ridúùsì ẹ̀ fún mi jàre." Tí rédíò bá ń pariwo, "Ẹ ridúùsì ẹ̀ níbẹ̀ yẹn!" Dókítà ní kí Ìyá Rẹ̀mí ridúùsì iyọ̀, ó ní dókítà gan-an lòun á kọ́kọ́ ridúùsì. Ṣùgbọ́n lọ́wọ́ àwa télọ̀, aṣọ la máa ń dín kù. Òfin kan ni Ìyá Rẹ̀mí fún mi, òun náà ni mo fún Sìdíkátù tí mo kọ́ níṣẹ́, tó ti di ọ̀gá báyìí tá a jọ ń lo ṣọ́ọ̀bù: bí o bá ń dín aṣọ kù, má gé e. Ká a sínú, kí o rán an. Ara èèyàn ń rù, ara ń sanra. Ọjọ́ tí aṣọ bá tún máa fẹ̀, kó bá nǹkan nínú ara rẹ̀. Ó lé ní ogójì ọdún tí mo fi pa òfin yẹn mọ́.

Aṣọ òkú náà máa ń dé ọ̀dọ̀ mi, ẹ̀yin náà mọ̀. Nígbà tí Bàbá Sùlé àdúgbò wa kú, àwọn ọmọ rẹ̀ pín aṣọ, wọ́n kó o wá, mo dín in kù fún oníkálukú. Lọ́jọ́ fidáù, Mòsúnmọ́lá àbíkẹ́yìn wọn wọ bùbá bàbá rẹ̀, ó bá a mu rẹ́gí, gbogbo ilé ń pariwo, "Bàbá ló ń rìn bọ̀ yìí o!" Wọ́n súre fún mi títí ẹnu fi kan wọ́n. Mo rò pé bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ayé ṣe rí.

Ọkọ̀ òfurufú

Ọkọ̀ òfurufú kì í ṣe àlejò fún ará Ìsọlọ̀. Wọ́n ń gba orí Àjàó Estate kọjá, tí ẹ bá ń sọ̀rọ̀, ẹ ó dúró kó kọjá kí ẹ tó parí rẹ̀. Nígbà tí Káyọ̀dé wà ní kékeré, ó máa ń mú ṣọ́ọ̀kì mi sáré jáde, á fa ìlà kan sára ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù fún ọ̀kọ̀ọ̀kan tó bá kọjá. Á ní, "Màámi, lọ́jọ́ kan èmi náà á wà nínú ẹ̀, màá juwọ́ sí yín." Lọ́jọ́ tó lọ sí ìlú òyìnbó, mo dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù, mo juwọ́ sí gbogbo èyí tó kọjá, nítorí n ò mọ èyí tó gbé ọmọ mi.

Ẹ̀ẹ̀mejì ló wálé láti ìgbà náà. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínláàádọ́ta ni nígbà tó sùn tí kò jí. Nílẹ̀ wa, òbí kì í lọ síbi ìsìnkú ọmọ, òbí kì í mọ sàréè ọmọ. Wọ́n sin ín láìsí mi. Oṣù márùn-ún lẹ́yìn náà ni Fúnmiláyọ̀ ìyàwó rẹ̀ pè mí pé kí n máa bọ̀. Ó ní Tópẹ́, ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, ọmọbìnrin ọdún mẹ́rìnlá, kì í fi bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀ mọ́ láti ìgbà tí bàbá rẹ̀ ti lọ. "Bóyá tó bá rí yín, Mọ́mì, á lanu." Iṣẹ́ tí wọ́n rán mi nìyẹn. Ẹ fi sọ́kàn.

Ìyá Osaro, obìnrin Bìní kan, ló jókòó tì mí nínú ọkọ̀. Nígbà tí ọkọ̀ fẹ́ gbéra, ó di ọwọ́ mi mú. Ó bi mí pé ta ni mo ń lọ kí. Mo ní ọmọ mi ọkùnrin. Ó ní kí n bá òun kí i. Mo ní á gbọ́. Bí a ṣe gba òkè Ìsọlọ̀ kọjá, mo juwọ́ lójú fèrèsé, bí ẹni pé ẹnì kan dúró nísàlẹ̀ níwájú ṣọ́ọ̀bù.

Leeds

Kóòtù ni mo kọ́kọ́ rí ní pápákọ̀ òfurufú kí n tó rí ọmọ tó wà nínú rẹ̀. Kóòtù dúdú, onírun, tó nípọn, èyí tí Káyọ̀dé máa ń wọ̀ nínú gbogbo fọ́tò tó bá fi ránṣẹ́. Mo rí i láàárín èrò, ọkàn mi fò. Mo ní, òun nìyẹn! Mo ti gbé ọwọ́ sókè kí n tó rí i pé orí kékeré ló wà lókè rẹ̀.

Fúnmi kúnlẹ̀ kí mi, àwọn òyìnbó ń yà fún un bí ẹni tó já nǹkan sílẹ̀. Tópẹ́ náà kúnlẹ̀, kóòtù bá a kúnlẹ̀, ó tẹ́ sílẹ̀ yí i ká. "Ẹ káàbọ̀, Màmá Ìsọlọ̀." Ohùn rẹ̀ kò ju èémí lọ.

Nínú mọ́tò, kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀. Mo ń wo ilé, gbogbo wọn dúró tira bí ẹni tó tò fún fọ́tò. Bá a ṣe ń sún mọ́ ibi tí wọ́n ń gbé, mo rí pátákó kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà: REDUCE SPEED NOW. Inú mi dùn bí ẹni tó pàdé ará ilé. Mo kà á sókè: "Ridúùsì sipíìdì náò!"

Fúnmi ní, "Háà, Mọ́mì, ẹ̀yin lẹ máa wà wá lọ́la o."

Mo wẹ̀yìn. Ẹnu Tópẹ́ yẹ̀ sápá kan díẹ̀. Kì í ṣe ẹ̀rín, ṣùgbọ́n ó wà lójú ọ̀nà ẹ̀rín.

Ìwà wọn

Ẹ jẹ́ kí n sọ díẹ̀ nípa àwọn èèyàn náà. Bí ẹ bá tẹ̀ wọ́n lẹ́sẹ̀, àwọn ló máa bẹ̀ yín. Bí wọ́n bá ń sọ̀ nínú bọ́ọ̀sì, wọ́n á dúpẹ́ lọ́wọ́ dẹ́rẹ́bà bí ẹni pé ọ̀fẹ́ ló gbé wọn. Ṣùgbọ́n ẹ lè dúró ti ẹnì kan fún ìdajì wákàtí, kó má kí yín, kó má bi yín pé ọmọ ta ni yín. Oòrùn nìkan ni wọ́n ń bi ara wọn léèrè. Margaret, ìyá arúgbó tí ilé rẹ̀ fara kan tiwa, sọ fún mi láàárọ̀ mẹ́rin tẹ̀léra pé òjò ń bọ̀. Mo wá ń rò pé bóyá orúkọ mi nìyẹn lọ́dọ̀ rẹ̀. Fúnmi ló sọ fún mi pé nígbà tí Káyọ̀dé kú, Margaret gbé ìkòkò ọbẹ̀ síwájú ilẹ̀kùn, ó kan ilẹ̀kùn, ó sì sá lọ kí wọ́n tó ṣí i.

Oúnjẹ kò dà mí láàmú, Fúnmi mọ ọbẹ̀ í sè. Tòmátì ibẹ̀ ló kún fún omi. A ó dúró tì í títí ata yóò fi gbẹ. "Kò tíì ridúùsì, Mọ́mì, ẹ ṣe sùúrù." Mo ní ìyẹn náà? Mo ní ọ̀rọ̀ yìí tẹ̀ lé mi wọ ilé ìdáná.

Ibi tó ti ṣiṣẹ́ fún mi jù ni ṣọ́ọ̀bù ńlá tí Tópẹ́ mú mi lọ. Ní ìrọ̀lẹ́, wọ́n ti lẹ bébà yẹ́lò mọ́ búrẹ́dì, mọ́ adìyẹ, mọ́ ẹja, wọ́n kọ REDUCED sí i. Ẹ gbọ́, ẹnikẹ́ni ò tíì ná an! Kò sẹ́ni tó bẹ̀ wọ́n, kò sẹ́ni tó ṣe bí ẹni tó fẹ́ lọ kí wọ́n pè é padà. Ó dàbí ìgbà tí èèyàn bá jà láìsí alátakò. Mo mú ẹja kan tí kò ní bébà yẹ́lò, mo gbé e lọ bá ọkùnrin tó wà nídìí rẹ̀. Imran lorúkọ rẹ̀, wọ́n kọ ọ́ sí i láyà. Mo ní, "Mista Imran, please, reduce it for me."

Ó wo ẹja, ó wò mí. Ó ní òun ò lè ṣe é.

Mo ní, "Look at me very well. I am your mother."

Àwọn tó tò sẹ́yìn mi ń wolẹ̀. Imran ní ká ní ìyá òun ni mí lóòótọ́, ó yẹ kí n mọ̀ pé kì í ṣe òun ló ni ṣọ́ọ̀bù. Nígbà náà ni mo gbọ́ nǹkan kan lẹ́yìn mi. Tópẹ́ ti ti ojú bọ ọrùn kóòtù, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n. Mo rò pé ẹkún ni. Ẹ̀rín ni! Ó rín in títí ó fi di igi àtẹ mú. "Màmá, ẹ ti pa mí!" Nígbà tá a délé tó sọ ọ́ fún ìyá rẹ̀, Fúnmi wọ ilé ìdáná, ó dojú kọ ògiri, ó dúró síbẹ̀ pẹ́.

Láti ọjọ́ yẹn, ẹnu ọmọ náà là. Ó ń bi mí nípa bàbá rẹ̀ ní kékeré. Mo sọ ti ṣọ́ọ̀kì fún un, ti ìlà ara ilẹ̀kùn. Ó ní, "Ó ṣì wà níbẹ̀?" Mo ní a ti kun ilẹ̀kùn náà lẹ́ẹ̀mẹta. Mo ń gbéra ga nínú ara mi. Mo ní mo ti ṣe iṣẹ́ tí wọ́n rán mi.

Kóòtù

Ṣùgbọ́n kóòtù yẹn ń dà mí láàmú. Ẹ wò ó ná: ọmọ tín-ín-rín nínú ẹ̀wù ọkùnrin tó ga tó sì fẹ̀. Èjìká rẹ̀ ń já bọ́, apá rẹ̀ kọjá ìka, etí ìsàlẹ̀ ń gbá a lójúgun. Ó ń wọ̀ ọ́ lọ síléèwé, ó ń wọ̀ ọ́ wo tẹlifíṣọ̀n. Mo ń wo ojú àwọn èèyàn lójú ọ̀nà. Kò sẹ́ni tó wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ṣùgbọ́n ohun tí Ìsọlọ̀ ì bá sọ lèmi ń gbọ́: ẹ wo ọmọ ọmọ télọ̀! Ṣé kò lẹ́nìkan ni?

Lọ́jọ́ Tọ́sìdeè kan, oòrùn yọ, Tópẹ́ fi kóòtù sórí àga, ó lọ síléèwé. Fúnmi ti lọ síbi iṣẹ́. Èmi nìkan ló kù nílé.

Máṣíìnì ìránṣọ kan wà lábẹ́ àtẹ̀gùn, nínú páálí tí wọn ò tíì ṣí. Káyọ̀dé ló rà á, ó fẹ́ fi ránṣẹ́ sí mi. Fúnmi ti fi hàn mí lọ́jọ́ kejì tí mo dé, kò sẹ́ni tó lè fọwọ́ kàn án nínú àwa méjèèjì. Lọ́jọ́ yẹn mo ṣí i. Mo ní iṣẹ́ wo ni ì bá jẹ́ àkọ́kọ́ rẹ̀ bí kò ṣe aṣọ ọmọ ọmọ mi? Sísọ́ọ̀sì mi wà nínú báàgì, èyí tí Ìyá Rẹ̀mí fún mi lọ́jọ́ tí mo ṣe fírídọ̀mù.

Mo kọ́kọ́ tú àpò rẹ̀: tíkẹ́ẹ̀tì bọ́ọ̀sì kan, súìtì méjì, ìbọ̀wọ́ kan ṣoṣo. Mo gbé imú sí ọrùn rẹ̀. Ọmọ mi wà níbẹ̀. Òórùn rẹ̀ tí mo mọ̀ láti ìgbà tí mo ti ń pọ̀n ọ́n wà níbẹ̀. Sàréè rẹ̀ tí n kò gbọ́dọ̀ rí, mo rò pé òun ni mo gbé sórí ẹsẹ̀ mi yìí. Mo sunkún, mo nu ojú. Mo wá fi aṣọ tútù àti áyọ́ọ̀nù gbígbóná lọ̀ ọ́ láti òkè délẹ̀, nítorí aṣọ òkú, a máa ń tún un ṣe kí a tó fún ọmọ. Èéfín omi yọ lára rẹ̀, ó kún yàrá. Mo ṣí fèrèsé kó lè jáde.

Ọmọ ò sí nílé kí n wọ̀n ọ́n. Ṣùgbọ́n èmi àti Tópẹ́ ga bákan náà, àwa méjèèjì ò sì sanra. Mo gbé kóòtù wọ̀ níwájú dígí, mo fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí i lára ara mi. Mo ká a sínú bí òfin ti wí. Aṣọ náà nípọn jù, ó wú, ó ṣe kókó. Ká ní Ìsọlọ̀ ni, n bá fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìlú òyìnbó ni mo wà, mo fẹ́ kí iṣẹ́ mi dán. Mo fẹ́ kí àwọn tíṣà rẹ̀ bi í pé ta ló rán an. Ìgbéraga ni, ẹ jẹ́ kí n pè é lórúkọ. Mo mú sísọ́ọ̀sì, mo gé e.

Iṣẹ́ náà dára. Mo gbọ́dọ̀ sọ ọ́, torí òun ló ń dùn mí jù. N kò rán aṣọ tó mọ́ tó bẹ́ẹ̀ rí.

Tópẹ́ dé. Mo ní kó di ojú, mo wọ̀ ọ́ fún un, mo de bọ́tìnì. Ó la ojú. Ó na ọwọ́ síwájú, ó ń wo ọrùn ọwọ́ rẹ̀ tó hàn gbangba. Ó fa ọrùn kóòtù sí imú. Ó tún fà á, bí ẹni tó ń wá òórùn kan. Ó wá bi mí, jẹ́jẹ́:

"Màmá, ibo ni èyí tó kù wà?"

Mo nawọ́ sí garawa ìdọ̀tí nílé ìdáná. Ó kúnlẹ̀ tì í. Ó ń kó wọn jáde ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó ń gbọn èèpo ọ̀dùnkún kúrò lára wọn. Ó rí ìparí apá méjèèjì, ó ti ọwọ́ bọ̀ wọ́n, ṣùgbọ́n wọn ò lè dúró.

"Ọwọ́ mi kì í dé òpin ẹ̀," ó ní. "Níbi tí ọwọ́ mi bá parí sí, ti Dádì ló kù. Ibẹ̀ ni mo máa ń dì mú."

Ẹ mọ ohun tí mo sọ? Kàkà kí n bẹ̀ ẹ́, mo ní, "Ní Ìsọlọ̀, wọ́n máa ń dúpẹ́ ni."

Ó kó àgékù aṣọ náà mọ́ àyà, ó gun òkè lọ.

Ìdákẹ́jẹ́

Ọjọ́ mọ́kànlá ló kù kí n padà sílé. Ní gbogbo ọjọ́ náà, "Ẹ káàárọ̀ mà" àti "Ó dàárọ̀ mà" nìkan ni mo gbọ́ lẹ́nu rẹ̀, pẹ̀lú ìkúnlẹ̀. Wọ́n ti kọ́ ọ dáadáa. Ìkíni yẹn dùn mí ju èébú lọ. Kóòtù wà lára ìṣó ní ẹnu ọ̀nà, ó ń fi súwẹ́tà lọ síléèwé nínú òtútù.

Fúnmi ní, "Mọ́mì, ẹ bẹ̀ ẹ́."

"Èmi? Ọmọ tí mo bí bàbá rẹ̀?"

"Bàbá rẹ̀ náà máa ń bẹ̀ ẹ́, Mọ́mì, tó bá ṣẹ̀ ẹ́."

N kò mọ èyí nípa ọmọ mi. Mo jókòó, mo ń ro ibi tó ti kọ́ ọ. Mo mọ̀ pé kì í ṣe lọ́dọ̀ mi.

Margaret rí mi níta lọ́jọ́ kan, kò sọ̀rọ̀ òjò. Ó ní kí n wọlé wá mu tíì. Bàtà ọkùnrin wà lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, ó dán, ó dojú kọ ilẹ̀kùn. Mo bi í bóyá ọ̀gá wà nílé. Ó ní ọkọ òun ti kú, ọdún kẹfà nìyí. Ó ní àwọn ọmọ òun ní kí òun ridúùsì ẹrù ilé, òun sì ti gbọ́ràn: òun ti kó àwo lọ, òun ti kó àga lọ, ìwé, bẹ́ẹ̀dì. Ó wo bàtà náà. Ó ní, "Ṣùgbọ́n ìyẹn rárá."

Mo bi í pé kí ló ń fi ṣe.

Ó ní òun ò fi ṣe nǹkan kan. Òun kàn máa ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá ni.

Tíì náà korò, mo mu ún tán. Mo padà sílé, mo dúró ti kóòtù lára ìṣó. Rálíátù ló wá sí mi lọ́kàn, tí gbogbo wa fi rẹ́rìn-ín ní kíláàsì. Òun nìkan ló bèèrè ohun tó yẹ kí èèyàn bèèrè.

Ọjọ́ tí mo ń bọ̀

Láti òwúrọ̀ ni mo ti ń fi ọ̀rọ̀ kọ́ ẹnu. Kò jáde lédè wa. Nígbà tí Tópẹ́ sọ̀ kalẹ̀, mo ní, "Tópẹ́, I am sorry." Ojú tì mí bí mo ti ń sọ ọ́. Mo sá sẹ́yìn èdè òyìnbó bí ẹni tó sá sẹ́yìn ilẹ̀kùn.

Ó ní, "Ẹ má sọ ọ́ lóyìnbó, Màmá."

Fúnmi mú báàgì mi, ó jáde, ó fi wá sílẹ̀.

Mo ní, "Má bínú, ọmọ mi. Ó yẹ kí n bi ọ́ kí n tó fọwọ́ kàn án. N kò bi ọ́."

Ó mú kóòtù kúrò lára ìṣó, ó là á fún mi bí wọ́n ti ń ṣe fún àgbà níbẹ̀, mo ti ọwọ́ bọ̀ ọ́ kí n tó rò ó. Ó de bọ́tìnì fún mi, ó sún sẹ́yìn, ó wò mí.

"Ó bá yín mu. Ẹ máa mú un lọ."

"Tìrẹ ni."

"Èyí tó kù ni tèmi."

Mo bojú wo dígí. Ó bá mi mu lóòótọ́, kò fi ibì kankan yẹ̀. Ìgbà yẹn ló tó yé mi. Ara mi ni mo fi wọ̀n ọ́n. Mo gé kóòtù ọmọ mi sí ìwọ̀n èmi fúnra mi, mo wá gbé e fún ọmọ rẹ̀, mo pè é ní ẹ̀bùn. Tópẹ́ ti rí i ṣáájú mi. Kò rẹ́rìn-ín, kò sunkún, kò dì mọ́ mi. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó juwọ́ títí mọ́tò fi yà.

Ìsọlọ̀

Ẹ̀yin náà ti rí i lórí háńgà nínú ṣọ́ọ̀bù. Ẹ ti fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ tó. Ìyá Ṣadé tó ń gbé ní Àgọ́ Palace ló wá gba aṣọ rẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó ń fi ìwé fẹ́ ara rẹ̀.

"Ìyá Káyọ̀dé, nínú ooru yìí, ta ló fẹ́ wọ ìyẹn? Ṣadé ń lọ Kánádà. Ẹ bá mi ridúùsì ẹ̀ fún un."

"Kò ṣeé dín kù mọ́."

"Télọ̀ bíi tiyín! Ẹ gbé e wọ̀ ká wò ó."

Ẹ mọ Ìyá Ṣadé, kì í gbọ́ rárá. Ó ti já a kúrò lórí háńgà, ó ti ń ti ọwọ́ mi bọ̀ ọ́. Sìdíkátù ló gbójú sókè lórí máṣíìnì rẹ̀, tó ní, "Ọ̀gá, ó ti tóbi fún yín."

Mo wolẹ̀. Lóòótọ́ ni. Ara mi ti rù láti ìgbà tí mo dé, mo mọ̀ pé ẹ ti ń sọ ọ́ lẹ́yìn mi. Èjìká kóòtù ti fẹ́ máa já bọ́. Apá rẹ̀ ti bo ọrùn ọwọ́ mi, ó ti ń bọ̀ sórí ìka.

Ìyá Ṣadé pàtẹ́wọ́. "Ẹ ò rí i? Ó ṣeé dín kù!" Sìdíkátù ti ń mú píìnì bọ̀. Mo ní kó dá a padà síbi tó ti mú un.

Lọ́jọ́ Àìkú, lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, Tópẹ́ máa ń fi fóònù ìyá rẹ̀ pè mí. Á kí mi, á bèèrè ara mi, á ní òun fẹ́ lọ kàwé. N kì í dá a dúró. Lọ́tẹ̀ yìí mo ní, "Tópẹ́, kóòtù bàbá rẹ ti ń tóbi fún mi."

"Ó dé ibo?"

"Ó ti bo ìka mi."

"Gbogbo rẹ̀?"

"Ó ku ṣóńṣó."

Mo gbọ́ tó mí. "Ẹ má gé e, Màmá."

"N ò ní gé e."

"Tí ọwọ́ yín ò bá dé òpin ẹ̀ mọ́," ó ní, "ẹ di ibẹ̀ mú."

Ooru mú lọ́jọ́ náà débi tí páànù ń han. Ọkọ̀ òfurufú kan ń kọjá. Mo dìde, mo gbé kóòtù wọ̀, mo fi ìka wá ibi tí ọwọ́ mi parí sí, mo dì í mú.